Ife Nìkan Kọ́ La Fi Ń Wọn Akọ́nimọ̀ọ́gbá

Onígbòǹgbò,
Ọjọ́ Ajé.

Rìsíkátù Àjọkẹ́ mi,

Mi ò ní fi "ṣé dáadáa lo wà" bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, nítorí mo gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù lánàá, mo sì mọ̀ pé ara rẹ le, ọkàn rẹ ni kò balẹ̀. O ní wọ́n ti fi ọ́ ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọkùnrin tó wà ní Dopemu. Mo pariwo, mo jó yí pálọ̀ ká, bàbá rẹ ní kí n rọra kí n má ṣubú. Obìnrin kankan ò kọ́ ẹgbẹ́ yẹn rí. Ìwọ ni Ọlọ́run fi ṣe àkọ́kọ́. Alihamudulilahi.

Kí n tó jókòó, o tún fi ohùn kékeré sọ ọ́ pé, "Mọ̀mí, alága ní a gbọ́dọ̀ gba ife lọ́dún yìí o. Wọ́n ní tí mi ò bá gbà á, kí n má wulẹ̀ retí ọdún tó ń bọ̀." Mo bi ọ́ pé kí lo wá dá wọn lóhùn. O ní, "Mo ní yẹ́ẹ̀sì, sà."

 Yẹ́ẹ̀sì sà yẹn ló mú mi gbé bíírò. Mo lè pè ọ́ padà, ṣùgbọ́n tí èmi àti ìwọ bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì ni wàá ti ní "mo ti gbọ́, Mọ̀mí". Ìwé ò ṣeé dá ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu. Jókòó, kó o kà á tán.

Ohun kìíní nìyí: ìlérí tí ẹlòmíràn bá fi ẹnu rẹ ṣe, ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n ti máa wá gbà á. Alága yín jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Opebi, ó ń ṣèlérí fún gbogbo ayé. Kò tíì wo àwọn ọmọ yẹn bí wọ́n ṣe ń sáré. Ìwọ pàápàá ò tíì rí gbogbo wọn. Ta ló wá sọ fún un pé ife wà lẹ́sẹ̀ wọn lọ́dún yìí? Ẹnu tìrẹ ni, Àjọkẹ́. Má yá a fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ẹni tó ń san owó oṣù rẹ.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí bàbá rẹ. O mọ̀ pé wọ́n kọ́ àwọn èèyàn ní bọ́ọ̀lù rí, ṣùgbọ́n o ò mọ bó ṣe lọ. Ẹ̀yìn mi lo wà nígbà yẹn, bàbá rẹ kì í sì í ṣe ẹni tó ń ròyìn ara wọn.

Ilé iṣẹ́ kan náà la ti ń ṣiṣẹ́, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì àti abọ́ oníke n'Íkẹjà. Èmi wà lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń to ọjà sínú páálí, bàbá rẹ ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ilé iṣẹ́ náà ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń bá àwọn ilé iṣẹ́ yòókù figagbága lọ́dọọdún. Nígbà tí ẹni tó ń kọ́ wọn fẹ̀yìn tì, tó padà sí Ìjẹ̀bú, wọ́n ní kí bàbá rẹ bọ́ sí i, nítorí gbogbo èèyàn mọ̀ pé wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù gidi nígbà èwe wọn n'Ógbómọ̀ṣọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi bàbá rẹ han àwọn òṣìṣẹ́, mánéjà àgbà, Ọ̀gá Bánjọ, gbé máíìkì sí wọn lẹ́nu, ó ní, "Kóòṣì, sọ fún wọn! Ṣé a máa gba ife àbí a ò ní gbà á?" Àwọn òṣìṣẹ́ ń hó yèè. Ariwo kó sí bàbá rẹ lórí, wọ́n ní, "A ti gbà á tán!" Ni àwọn òṣìṣẹ́ bá gbé wọn sọ́rùn. Kò sẹ́ni tó béèrè irú àwọn agbábọ́ọ̀lù tó wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí akọ́nimọ̀ọ́gbá nílò. Ife ni gbogbo wọn ń wò, ife tí wọn ò tíì rí àwọ̀ rẹ̀.

Líìgì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n nà wá ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n tún nà wá ní èyí tó tẹ̀ lé e. Ìkẹta, a ti gbà pé ọ̀mì la máa gbá, àfi bí wọ́n ṣe gbá góòlù wọlé wa nígbà tí rẹfirí ti ń wo aago. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. A ó gbá a dáadáa títí bọ́ọ̀lù á fi fẹ́ parí, àwọn ọmọ wa á wá dúró gbagidi bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Àwọn tó gbé bàbá rẹ sọ́rùn bẹ̀rẹ̀ sí í yínmú sí wọn ní kántíìnì. Tí bàbá rẹ bá gbé oúnjẹ wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn yòókù á dìde.

Agege là ń gbé nígbà náà, nínú ilé oníyàrá púpọ̀, ọgbà kan náà ni gbogbo wa. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí wọ́n tún nà wá, mò ń yan ẹja lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ariwo lẹ́nu géètì. "Kóòṣì, gbé ẹrù ẹ! Kóòṣì, gbé ẹrù ẹ!" Wọ́n ń fi òkúta gbá géètì. Ẹni tó ṣíwájú wọn ni Múfú, awakọ̀ tó ń gbé ọjà ilé iṣẹ́ wa lọ sí òkè Ọya. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi ti bàbá rẹ ni, òun sì ni olórí àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ náà. Ó fẹ́ràn ẹgbẹ́ yẹn ju oúnjẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí ìbínú rẹ̀ fi le tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ dìde, wọ́n ń wá bàtà wọn. Mo ní, "Ẹ jókòó, Bàbá Rìsíkátù. Èmi ni mo fẹ́ rí wọn." Mo gbá ọ̀já mọ́ ẹ lẹ́yìn mi, mo ṣí géètì, mo dúró sí àárín rẹ̀.  

Mo ní, "Múfú, ta lò ń wá?"

Ó ní, "Ìyá Rìsíkátù, ẹ kúrò lọ́nà, ẹ jọ̀ọ́. Ọkọ yín purọ́ fún wa. Wọ́n ní ife. Ife dà?"

"Ṣé líìgì ti parí ni?"

"Kò tíì parí."

"Tó o bá gbé ọjà láti ibí, tó ò ń lọ sí Kánò, tó o ṣì wà ní Dopemu, ṣé wọ́n á ti máa bú ẹ pé o ò tíì dé Kánò?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ojú Múfú korò. Ó ní, "Tí mo bá ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sí Kánò ńkọ́? Wọn ò ní bú mi?"

Àjọkẹ́, mi ò ní purọ́ fún ọ, ìbéèrè yẹn gún mi. Òótọ́ ló sọ. Èèyàn lè wà lójú ọ̀nà kó jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ń lọ. Mo ní, "Ó dáa. Báwo lo ṣe mọ̀ bóyá iwájú là ń lọ tàbí ẹ̀yìn? Ìgbà wo lo wá wo ibi tí wọ́n ti ń dánra wò?" Ó ní òun ò tíì wá. Mo ní, "O ò wá rí. O fẹ́ dá ọbẹ̀ lẹ́jọ́, o ò yọjú sí ibi ìdáná. Wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó o fi ojú ara ẹ wò ó. Tó o bá wò ó tán, tó o sọ pé ọkọ mi ò mọ nǹkan kan, èmi fúnra mi ni máa gbé ẹrù wọn síta. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹni tó bá fẹ́ wọlé yìí, orí èmi àti ọmọ ẹ̀yìn mi ló máa gbà kọjá."

 Ẹnì kan ju òkúta ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Múfú ní, "A máa wá," wọ́n sì yà bá ọ̀nà tí wọ́n gbà wá lọ.

Múfú wá lóòótọ́. Èmi náà lọ, torí mo ti fi ẹnu mi sọ ọ́. Bàbá rẹ to àwọn ọmọ náà sórí ìlà, wọ́n ní kí wọ́n sáré. Wọn ò tíì yí pápá po tí àwọn kan fi jókòó sórí koríko. Adílémú wa, géńdé ọkùnrin tó ń jẹ́ Sùlé, fara ti òpó, ojú rẹ̀ pa dé.

Múfú ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń ṣe wọ́n? Ṣé ara wọn ò yá ni?"

Bàbá rẹ ní, "Iṣẹ́ alẹ́ ni. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ mọ́jú, ibẹ̀ ni wọ́n gbà wá síbí. Bó ṣe rí lọ́jọ́ tá a bá ń gbá bọ́ọ̀lù náà nìyẹn. Mo lè kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù, Múfú. Mi ò lè kọ́ wọn ní oorun."

"Òun ló fà á tí wọ́n fi ń nà wá nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí?"

"Òun ni."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wa?"

Bàbá rẹ wolẹ̀. Wọ́n ní, "Mo sọ fún Ọ̀gá Bánjọ. Ó ní ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ dúró. Ẹ̀yin, kí ni mo fẹ́ sọ fún yín? Èmi tí mo ti ní a ti gbà á tán."

Ṣó o rí i? Ìlérí tí wọ́n ṣe níwájú máíìkì ló di wọ́n lẹ́nu. Ẹni tó bá ti ṣèlérí ohun tí apá rẹ̀ ò ká, kò ní lè sọ ìṣòro rẹ̀ síta mọ́, torí gbogbo àlàyé rẹ̀ á máa dún bí àwáwí. Òun ni mò ń bẹ̀rù fún ọ, kì í ṣe pé kí wọ́n nà yín. Wọ́n máa nà yín. Kò sí ẹgbẹ́ tí wọn kì í nà.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a jáde fún oúnjẹ ọ̀sán, mo kó àwọn obìnrin tá a jọ ń to páálí sẹ́yìn, Múfú náà tẹ̀ lé wa, ó di ọ́fíìsì Ọ̀gá Bánjọ. Ó ní kí la fẹ́.

Mo ní, "Oorun ni, sà."

"Oorun kẹ̀?"

"Oorun àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ẹ ò lè gba oorun lójú wọn lóru, kẹ́ ẹ tún máa bi wọ́n léèrè ife lọ́sàn-án."

Ó ní, "Ẹ̀rọ mi ò lè dúró torí bọ́ọ̀lù."

Múfú ní, "Kò ní dúró, sà. Àwa tí à ń pariwo lẹ́bàá pápá la máa ṣe iṣẹ́ alẹ́ náà dípò wọn tí bọ́ọ̀lù bá ku ọ̀la. Mo ti bá àwọn èèyàn wa sọ̀rọ̀, wọ́n ti gbà. Ẹ ṣáà jẹ́ kí àwọn ọmọ náà sùn." Múfú tó wá lé wa nílé lọ́jọ́sí ni o.

 Ọ̀gá Bánjọ gbà, ó sì fajú ro bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti yí padà. Kì í ṣe pé a ń na gbogbo èèyàn o. Wọ́n ṣì ń nà wá. Ṣùgbọ́n tí rẹfirí bá ti ń wo aago, àwọn ọmọ wa ṣì ń sáré, àwọn ẹlòmíràn ló ń mí gúlegúle. Àwọn tó gba ife lọ́dún yẹn gan-an, a nà wọ́n ní pápá kan n'Ágége, Múfú sunkún bí ọmọdé. Ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá bọ́ sí àárín. A ò gba ife.

Àjọkẹ́, ìlọsíwájú nìyẹn. Ẹni tó bá lójú á rí i. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó lójú kọ́ ló fẹ́ ríran. Nígbà tí líìgì parí, Ọ̀gá Bánjọ pe bàbá rẹ, ó ní, "O ní ife, o ò gbé ife wá. Lọ kọ lẹ́tà pé o ò ṣe mọ́, kó má di ìtìjú." Bàbá rẹ, oníwà pẹ̀lẹ́ yìí, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn, wọ́n wá dá ọ̀gá náà lóhùn pé, "Sà, ohun tí mo bá nílẹ̀ kọ́ ni mo fi sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ lé mi. Mi ò ní fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé mo sá." Ọ̀gá Bánjọ lé wọn nídìí bọ́ọ̀lù. Bàbá rẹ padà sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n ń tún ṣe, orí wọn gbé sókè.

Ní sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú ẹlòmíràn wá. Àwọn ọmọ kan náà, oorun kan náà, Sùlé kan náà láàárín òpó. Wọ́n gba ife. Èmi, bàbá rẹ àti Múfú wà lẹ́yìn okùn lọ́jọ́ yẹn, à ń wo Ọ̀gá Bánjọ bó ṣe ń gbé ife sókè, tí wọ́n ń yà á ní fọ́tò. Inú ń bí mi, mo fẹ́ fò wọ inú pápá. Múfú ní, "Ẹ̀gbọ́n, ife yín ni wọ́n gbé yẹn."

Bàbá rẹ ní, "Ife wọn ni. Àwọn ọmọ yẹn ni tèmi."

Mo ti rò ó títí láti ìgbà náà, mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó jù ú lọ. Wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Wọ́n lè gba ìyìn. Ohun tó o bá fi sára àwọn ọmọ yẹn, kò sí alága tó lè bọ́ ọ kúrò lára wọn.

Torí náà, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe. Kí líìgì tó bẹ̀rẹ̀, padà sí Opebi, kó o lọ gba yẹ́ẹ̀sì sà rẹ padà. Kúnlẹ̀ kí i, ọmọlúàbí ni ẹ́. Ṣùgbọ́n tó o bá ti dìde, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló kù. Sọ fún un pé, "Sà, mi ò ṣèlérí ife. Ohun tí mo ṣèlérí rèé." Kó o wá sọ ohun tí ojú lè rí: pé àárín ọdún ò ní dé kí wọ́n ṣì máa gbá góòlù kan náà wọlé yín lọ́nà kan náà, pé àwọn ọmọ á mọ ibi tí oníkálukú ń dúró sí, pé ẹ ó mú lára àwọn ọ̀dọ́ Agege wọ ẹgbẹ́. Ẹni tó bá ní kí wọ́n má fi ife nìkan wọn òun gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n máa fi wọn òun. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ń sá fún ìdájọ́ ni. Tí àárín ọdún bá sì dé, tí àìsàn kan náà ṣì wà níbẹ̀, má di ẹ̀bi ru rẹfirí. Ẹ̀yìn lò ń lọ nìyẹn. Gbà bẹ́ẹ̀, kó o yí ọwọ́ padà.

Bi òun náà léèrè ohun tó fẹ́ fi sílẹ̀. Níbo ni wọ́n ti ń dánra wò? Kí ni wọ́n ń jẹ? Mélòó nínú wọn ló ń lọ síbi iṣẹ́ mìíràn kí wọ́n tó wá gbá bọ́ọ̀lù? A kì í fi ọwọ́ kan gbẹ́rù dórí.

Àwọn tó máa pariwo lé ọ lórí, pè wọ́n wá sí ibi ìdánrawò. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń bú ọ ló kórìíra rẹ. Nínú wọn, wàá rí ẹni tó jẹ́ pé ìfẹ́ ló ń dà á láàmú. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ ṣe. Ẹni tó bá kọ̀ tí kò wá, fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ẹnu rẹ̀.

Wọ́n á tún sọ pé obìnrin ò mọ bọ́ọ̀lù. Má dá wọn lóhùn, má sì bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe bí ọkùnrin torí kí wọ́n lè gbà ọ́. Tí ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ bá pàdánù, wọ́n á ní orí ò bá a ṣe é lọ́jọ́ náà. Tí ìwọ bá pàdánù, wọ́n á ní àwọn ti sọ bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n wí. Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ọmọ géètì Agege ni ẹ́, ìwọ àti èmi la jọ dúró síbẹ̀.

Tó bá wá di pé wọ́n máa lé ọ, kí wọ́n lé ọ. Má kọ lẹ́tà kankan fún wọn. Yàrá rẹ ṣì wà níbí, mo ti ní kí wọ́n fọ kọ́tìnnì rẹ̀, kì í ṣe pé mò ń retí ọ o, mo kàn fẹ́ kó o mọ̀ pé kò sí ibi tí wọ́n lè lé ọ dé tí ilé ò ní sí.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá máa kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù, màá wà níwájú níwájú. Múfú ti gbọ́, ó ti di àgbà Alájì báyìí, orúnkún ń dùn ún, ó ní àfi kí wọ́n gbé òun dé ibẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé kí o gbé ẹrù rẹ létí àwa méjèèjì, yóò ṣàlàyé ara rẹ̀.

Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí ọwọ́ rẹ, kó fún ọ ní etí tó ń gbọ́ àti ọrùn tó le.

Mo bi bàbá rẹ bóyá wọ́n ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ fi kún un kí n tó pa ìwé yìí dé. Wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n dín ohùn rẹ̀ kù, wọ́n ní, "Sọ fún un pé kó má tọrọ àforíjì fún bọ́ọ̀lù tí wọn ò tíì gbá."

Èmi ni,
Ìyá rẹ tí kò ní kúrò lẹ́nu géètì.